Kọ̀ǹpútà Olójú Mẹ́fà ti Ọ̀gbẹ́ni Ọlámúyìwá

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń fi ayé ni Ọ̀gbẹ́ni Boniface Ọlámúyìwá lára. Ọ̀rọ̀ náà ni "Adelé".

Ọdún mẹ́ta gbáko ló ti fi jẹ́ Adelé Ọ̀gá Àgbà ní Ọ́fíìsì Àkọsílẹ̀ Àwọn Àgbẹ̀ ní Ọ̀wọ̀. Wọ́n kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sórí pátákó kékeré tó wà lórí tábìlì rẹ̀, wọ́n sì ń kọ ọ́ sí gbogbo lẹ́tà tó ń ti Àkúrẹ́ wá. Ti ara ilẹ̀kùn, ó fi kàlẹ́ńdà ìjọ Àgùdà bò ó. Ti orí tábìlì, ó máa ń gbé ife tíì lé e. Ti inú lẹ́tà ni kò rí ọgbọ́n dá sí, nítorí náà kì í ka ìlà yẹn.

Láràárọ̀, bí aago mẹ́jọ bá lù, gbogbo òṣìṣẹ́ a tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ọlámúyìwá a gba àárín wọn kọjá, ikùn níwájú, òun fúnra rẹ̀ lẹ́yìn. Jímọ̀, igbákejì rẹ̀, ni yóò ṣáájú, tí yóò máa pariwo.

"Erin tí ń mi igbó Ọ̀sẹ́! Òjò tó rọ̀ sí Ìdógùn tí ará Ùtè ń dúpẹ́! Ọ̀gá Àgbà!"

"Tún un sọ, Jímọ̀. Afẹ́fẹ́ gbé ìdajì rẹ̀ lọ."

Jímọ̀ a tún un sọ. Ẹ má bínú sí Jímọ̀. Ọmọ márùn-ún ló ń fi ahọ́n yẹn bọ́.

Ní ọjọ́ kan, Ọ̀gbẹ́ni Ọlámúyìwá lọ sí ìpàdé ní Àkúrẹ́. Ó yà sí ọ́fíìsì ọ̀gá kan tí ipò rẹ̀ ti fìdí múlẹ̀. Ọkùnrin náà kò ju ọmọ ọdún mọ́kàndínlógójì lọ. Iwájú rẹ̀ ni sikirínì méjì wà lára kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Ó ń ka ìwé lórí ọ̀kan, ó ń kọ ìwé lórí ìkejì. Kò tilẹ̀ dìde kí àlejò rẹ̀.

Jímọ̀ ló bá a rìn. Nígbà tí wọ́n padà dé ẹnu géètì ní Ọ̀wọ̀, ọ̀gá yíjú sí i.

"Jímọ̀, sikirínì mélòó ló wà lórí tábìlì mi?"

"Ẹyọ kan, sà. Ṣùgbọ́n ẹyọ kan tó dán ni."

"Ẹni tó ní ẹyọ kan, adelé ni. Ẹni tó ní méjì ni onípò. Bí mo bá ní mẹ́fà ńkọ́?"

Jímọ̀ mí kanlẹ̀. "Áà, sà! Bí ẹ bá ní mẹ́fà, kọmíṣọ́nà fúnra rẹ̀ yóò máa bọ́ fìlà kó tó wọlé."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, bóyá ẹ rò pé ó yẹ kí ọkùnrin tó ń lọ sí ọgọ́ta ọdún béèrè ohun tí sikirínì kejì wúlò fún. Kò béèrè. Bí ènìyàn bá rí adé lórí ẹlòmíràn, ta ló ń béèrè ohun tí adé ń ṣe?

Kọ̀ǹpútà mẹ́fà ló wà ní ọ́fíìsì náà, ọ̀kan ti ọ̀gá, márùn-ún ti àwọn akọ̀wé. Ọ̀gbẹ́ni Ọlámúyìwá pàṣẹ pé kí wọ́n kó sikirínì àwọn akọ̀wé wá sí yàrá òun. Wọ́n kó wọn wá. Kọ̀ǹpútà márùn-ún jókòó sí gbọ̀ngàn láìlójú, wọ́n ń kùn lásán.

Akọ̀wé kan wà tó ń jẹ́ Kúlísúmù. Ìkàrẹ́ ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá dó sí Ọ̀wọ̀. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ méjì níbi tí ọ̀kan bá tó ni. Ó kan ilẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀.

"Sà, kí ni a ó máa fi wo iṣẹ́ wa?"

"Ẹ óò máa wò ó lọ́dọ̀ mi."

"Lọ́dọ̀ yín, sà?"

"Ṣé ojú mi kò dára ní wíwò ni?"

Kúlísúmù dìde, ó lọ.

Ṣèyíọlá, obìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì, ni wọ́n pè láti wá so wọ́n pọ̀. Ó yí ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà ọ̀gá wò, ó mi orí.

"Ẹ̀yin sà, ihò méjì ló wà níbí. Sikirínì méjì ni yóò gbà. Bí ẹ bá fẹ́ kó gba mẹ́fà, a ó fi àpótí kékeré kan sí àárín tí yóò máa pín in."

"Fi sí i."

"Mo fẹ́ kó yé yín dáadáa kó tó di pé ẹ máa pè mí lóru. Kọ̀ǹpútà kan náà ló ṣì jẹ́. Ojú lẹ fi kún un. Ẹ kò fi ọpọlọ kún un."

Ọ̀gbẹ́ni Ọlámúyìwá rẹ́rìn-ín, ó wo Jímọ̀. Jímọ̀ náà rẹ́rìn-ín.

"Arábìnrin, ibi tí ojú bá pọ̀ sí ni ọpọlọ ń gbé."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀, sà," ni Ṣèyíọlá wí. Ó ti gba owó rẹ̀ kó tó yọ wáyà.

Ó so wáyà mọ́ wáyà, ó gbé sikirínì mẹ́fà tò yí tábìlì ká bí àwo ìgbéyàwó, ó sì tan iná. Àwòrán tí ọ̀gá fi ṣe ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ jáde lórí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Òun fúnra rẹ̀ ni, nínú agbádá funfun, tó na ìka sí ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ọlámúyìwá mẹ́fà. Ìka mẹ́fà.

"Bí mo ṣe ṣe é nìyí, ohun kan náà ni gbogbo wọn ń gbé jáde," ni Ṣèyíọlá wí. "Mo lè yí i padà, kí wọ́n di pẹpẹ gígùn kan, kí iṣẹ́ lè máa ti orí ọ̀kan bọ́ sórí ìkejì. Ìyẹn ni àwọn tó ní sikirínì púpọ̀ máa ń fẹ́."

Ọ̀gá kò gbọ́ ọ. Ojú rẹ̀ ti kún fún omi.

"Má fọwọ́ kàn án," ni ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni lẹ́tà dé láti Àkúrẹ́. Jímọ̀ ló kà á sókè. Ìjọba fẹ́ pín ọmọ igi kòkó ẹgbàá mẹ́fà fún àgbẹ̀ ọ̀ọ́dúnrún ní Ìdógùn, Arímọgìjà àti Ùtè. Kí orúkọ àwọn àgbẹ̀ náà dé Àkúrẹ́ nínú kọ̀ǹpútà kí aago mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì tó lù. Orúkọ tí kò bá sí níbẹ̀, ẹni tó ni ín kò ní í rí kòkó gbìn lọ́dún yìí. Ìlà ìkẹyìn sọ pé bí iṣẹ́ náà bá lọ déédéé, wọ́n óò gbé ọ̀rọ̀ ipò Adelé yẹ̀ wò.

Ní ọjọ́ yẹn nìkan, Ọ̀gbẹ́ni Ọlámúyìwá ní kí Jímọ̀ ka ìlà tó ní Adelé nínú lẹ́ẹ̀mẹta.

Kúlísúmù ṣe ìṣirò rẹ̀. "Sà, bí ẹ bá dá sikirínì wa padà, ọjọ́ méjì péré la ó fi parí rẹ̀. Olúkúlùkù wa óò jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀."

"Kí n dá wọn padà? Ìgbà tí iṣẹ́ ńlá dé ni kí n di olójú kan? Gbọ́, ọmọ mi. Sikirínì mẹ́fà wà níbí. Ènìyàn mẹ́fà yóò jókòó tì wọ́n. Méjì fún Ìdógùn, méjì fún Arímọgìjà, méjì fún Ùtè. Kí olúkúlùkù gbé kíbọ́ọ̀dù tirẹ̀ wá. Jímọ̀ ni yóò ṣe ìkẹfà. Ní ọjọ́ kan péré, iṣẹ́ á ti parí."

"Sà, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni. Bí àwa mẹ́fà bá jọ tẹ̀ ẹ́, ojú kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Bí ìgbà tí ènìyàn mẹ́fà fi bírò mẹ́fà kọ̀wé sórí ìlà kan ni."

"Ṣé o kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Mùsùlùmí ni mí, sà."

"Àṣé ìdí nìyẹn. Ìwọ ìbá ti rí àwọn akọrin. Ogún ẹnu, orin kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀!"

Àwọn àgbẹ̀ dé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Láti aago mẹ́fà àárọ̀ ni àwọn ará Ùtè ti dé ẹnu géètì, bàtà wọn ṣì ní erùpẹ̀ oko. Ẹni tó síwájú wọn ni Ìyá Firdaus, obìnrin kan tó sanra, tó ní oko kòkó tí iná ẹ̀ẹ̀rùn jó tán lọ́dún tó kọjá. Ó ti gbálẹ̀ oko náà mọ́ látìgbà tó ti gbọ́ nípa ọmọ kòkó. Ohun tó kù ni ohun tí yóò gbìn.

Jímọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ kí Ọ̀gá Àgbà kí ẹ tó dárúkọ."

Ìyá Firdaus wo inú yàrá. Ó rí ọkùnrin alágbádá mẹ́fà tó na ìka sí i. Ó kúnlẹ̀ níwájú èkíní, ó kí i. Ó kúnlẹ̀ níwájú èkejì. Ìgbà tó dé ìkẹta, eékún rẹ̀ ké gbàù.

"Ẹ jọ̀wọ́, àwọn yìí, ṣé ìbejì ni wọ́n ni?"

"Ọ̀gá Àgbà nìkan ni gbogbo wọn," ni Jímọ̀ dáhùn.

"Ta wá ni ẹni tó jókòó sí kọ̀rọ̀ yẹn tó ń jẹ èkuru?"

"Òun náà ni."

"Á! Ó pọ̀ o," ni Ìyá Firdaus wí. Ó dìde, ó sì dárúkọ rẹ̀.

Akọ̀wé márùn-ún àti Jímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ kíbọ́ọ̀dù. Ẹ bá mi fojú inú wò ó. Ọ̀kan ń tẹ Adékọ́lá, ọ̀kan ń tẹ Ọláyọ̀, ọ̀kan ń tẹ Firdaus, ọ̀kan ń tẹ Mojíbọ́lá, ọ̀kan ń tẹ Yínúsà, ọ̀kan sì ń tẹ Olúwaṣeun. Lórí sikirínì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ohun kan náà ló jáde: AOFMYODLIOILEARJNUKYDIUWOOABSALUOAS. Kúlísúmù gbìyànjú láti pa lẹ́tà tirẹ̀ rẹ́, lẹ́tà Yínúsà ló parẹ́. Ẹni tó ń tẹ Yínúsà náà bínú, ó pa ti Mojíbọ́lá rẹ́. Jímọ̀, tí kò mọ ibi tí lẹ́tà kankan wà, ń fi ìka kan tẹ ohunkóhun tó bá ti bọ́ sábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Ọlámúyìwá di ojú méjèèjì, ó ń gbọ́ ìró kíbọ́ọ̀dù bí òjò lórí páànù.

"Ẹ gbọ́ bí iṣẹ́ ṣe ń dún," ni ó wí.

Kúlísúmù ronú ọgbọ́n kan. Ó ní kí àwọn tó kù gbé ọwọ́ sókè, kí ẹnì kan máa tẹ̀ é lẹ́ẹ̀kan. Ó tẹ orúkọ Ìyá Firdaus parí, ó fi àlàfo sí i, ó sì tẹ bọ́tìnnì tó ń mú ìwé sọ̀kalẹ̀ sí ìlà kejì. Gbogbo sikirínì mẹ́fà sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀gá la ojú.

"Ta ló sọ̀kalẹ̀?"

"Èmi ni, sà. Bọ́tìnnì yìí ni mo tẹ̀, kí orúkọ tó kàn lè wà ní ìlà tirẹ̀."

Ó wá wo kíbọ́ọ̀dù náà fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Ó wò ó bí ìgbà tí wọ́n bá gbé ẹran sílẹ̀ níwájú àgbà. Ní agbo ilé tí wọ́n ti bí i, bí wọ́n bá pa ẹran ọdún, ọmọ kékeré pàápàá mọ ẹni tó ni itan, ó mọ ẹni tó ni igbá-àyà. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ìpín àgbà yóò san ìtanràn.

"Bọ́tìnnì yìí tóbi ju èyí tó kù lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Èyí tó gùn nísàlẹ̀ yìí ńkọ́?"

"Òun ló ń fi àlàfo sí àárín orúkọ, sà."

"Èyí tó tóbi jù àti èyí tó gùn jù! Lọ́wọ́ akọ̀wé kékeré! Nínú ọ́fíìsì tí èmi wà!" Ó na ìka sí wọn. "Láti òní lọ, bọ́tìnnì méjèèjì yìí, ti ọ̀gá ni. Ohun tí o ti fi wọ́n tẹ̀, pa á rẹ́. Jímọ̀, fi bébà pupa bò wọ́n lórí gbogbo kíbọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá fẹ́ àlàfo, kó kọ̀wé. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀, kó kọ̀wé. Ẹ sì padà sẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀yin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, papọ̀!"

Wọ́n kọ̀wé. Fáìlì wà nílẹ̀ títí dòní fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. "Mo bẹ̀bẹ̀ fún àlàfo kan láàárín Olúwaṣeun àti Adékọ́lá." Jímọ̀ kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: "Èwo ló jẹ́ ẹ̀gbọ́n?" Ó tó ìwé mẹ́rìnlélógójì tí wọ́n kọ lọ́jọ́ mẹ́ta. Ní Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn tí ó jẹ iyán àti ẹran ìgbẹ́ tán, tí inú rẹ̀ dùn, ọ̀gá fọwọ́ sí ẹyọ kan. Ó tẹ àlàfo náà fúnra rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ní aago mẹ́ta ààbọ̀, ó pe gbogbo ènìyàn jọ. Ó wọ agbádá funfun náà, kí òun àti àwọn mẹ́fà tó kù lè bára mu.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ni ó bẹ̀rẹ̀, "àwọn bàbá wa fi àdá la igbó Ọ̀sẹ́. Èmi yóò fi ìka kan là á! Bí wọ́n bá bi yín lẹ́yìn ọ̀la pé ta ló mú kòkó dé Arímọgìjà, ẹ wí fún wọn pé ìka kan ni, ẹ sì fi ìka náà hàn wọ́n!"

"Ìka tó ń mi igbó!" ni Jímọ̀ ké.

Kúlísúmù kúnlẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. "Sà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ohun tí a fẹ́ fi ránṣẹ́. Orúkọ ènìyàn kò sí níbẹ̀. Ẹ fún mi ní wákàtí kan pẹ̀lú sikirínì kan. N óò tẹ ìwọ̀nba tí mo bá lè tẹ̀."

"Ọ̀gá kì í ka ìwé, Kúlísúmù. Ọ̀gá ń fọwọ́ sí i."

Ó gbé ìka rẹ̀ sókè, ó tẹ bọ́tìnnì ńlá náà lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n fi í ránṣẹ́.

Ní Àkúrẹ́, kì í ṣe ènìyàn ló ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà ni. Kọ̀ǹpútà ka ìlà kan ṣoṣo, ó sì sọ ohun tó rí: àgbẹ̀ kan. Lẹ́tà padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ọmọ kòkó ẹgbàá mẹ́fà ti di ti àgbẹ̀ kan ṣoṣo tó wà nínú ìwé, ẹni tí orúkọ rẹ̀ gùn tó ojú ìwé mọ́kànlá. Nítorí pé kò sí àgbẹ̀ tó ti gba tó bẹ́ẹ̀ rí ní ìpínlẹ̀ náà, wọ́n ti gbẹ́ àmì ẹ̀yẹ fún un. Kí ọ́fíìsì Ọ̀wọ̀ kọ̀wé pé àwọn mọ ọkùnrin náà, kí wọ́n sì mú un wá sí pápá ilé-ìwé ní Ùtè ní Ọjọ́bọ̀.

Kúlísúmù ti kọ èsì sílẹ̀. Ìlà méjì ni. *Àṣìṣe wà nínú ìwé tí a fi ránṣẹ́. Ẹ fún wa ní ọjọ́ méjì.* Ìbùwọ́lù ọ̀gá ló kù.

Ọ̀gbẹ́ni Ọlámúyìwá wo ìwé náà bí ẹni tó rí ejò nínú àwo. "Ọ̀rọ̀ yẹn, àṣìṣe, àti orúkọ mi kò lè jókòó sórí bébà kan náà. Ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń fi ènìyàn sí ipò? Jímọ̀, kọ èsì mìíràn. Kọ ọ́ pé mo mọ ọkùnrin náà. Àgbẹ̀ ńlá ni. Ọ̀rẹ́ mi ni."

"Níbo ló ń gbé, sà?" ni Jímọ̀ bi í.

"Ó ń rìnrìn àjò."

Ó fọwọ́ sí i.

Lọ́rì mẹ́ta wọ pápá Ùtè ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, wọ́n kún fún ọmọ kòkó. Àwọn àgbẹ̀ ọ̀ọ́dúnrún ti pé síbẹ̀ pẹ̀lú agbọ̀n àti kẹ̀kẹ́ ẹrù, nítorí kò sí ẹni tó sọ fún wọn. Ìyáàfin Mojíbọ́lá, olùyẹ̀wò láti Àkúrẹ́, sọ̀kalẹ̀ láti iwájú lọ́rì àkọ́kọ́. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, bírò wà létí rẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì fi ohunkóhun hàn. Ó ṣí ìwé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ.

Ó pè é. Ó mu omi. Ó tún pè é. Ó dé ibi àlàfo, ó sinmi níbẹ̀ díẹ̀, ó nu ojú, ó sọ pé, "Orúkọ bàbá rẹ̀ ló kù," ó sì ń bá a lọ. Ewúrẹ́ kan tó ń jẹko dúró tẹ́tí.

Nígbà tó parí, ó pa ìwé dé.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún apá àárín yẹn pè," ni Ìyá Firdaus wí. "Ó dà bí ẹni pé mo gbọ́ ìdajì orúkọ ọmọ mi, àmọ́ ẹnì kan jókòó lé e lórí."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Wọ́n ti ń wo lọ́rì, wọ́n ń wo agbọ̀n ọwọ́ wọn.

Ìyáàfin Mojíbọ́lá yíjú. "Ọ̀gbẹ́ni Adelé, ẹ fọwọ́ síwèé pé ẹ mọ ọkùnrin yìí. Ó dà?"

"Ó ń rìnrìn àjò."

"Kí ó padà dé. Lọ́rì kò ní í sùn níbí. Bí kò bá sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, n óò kọ ọ́ pé ẹ fọwọ́ sí irọ́, n óò sì tún béèrè orúkọ àwọn tó ni kòkó."

Ẹ̀yin náà rí i pé ọ̀nà wà níbẹ̀. Kí ó kàn sọ pé àṣìṣe ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Kúlísúmù tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ tilẹ̀ sọ ọ́ sí i létí wẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti bọ́ sórí àmì ẹ̀yẹ tí awakọ̀ gbé dání. Idẹ ni, ó fẹ̀ tó àwo oúnjẹ ńlá. Ohun tí wọ́n gbẹ́ sára rẹ̀ ni: Ọ̀GÁ ÀGBÀ ÀWỌN ÀGBẸ̀. Ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí Adelé níbì kankan.

"Èmi ni," ni Ọ̀gbẹ́ni Ọlámúyìwá wí.

"Ẹ̀yin ni kí ni?"

"Èmi ni ọkùnrin náà. Orúkọ ìdílé wa ni. A kì í pè é lójoojúmọ́ nítorí ọ̀wọ̀."

Ìyáàfin Mojíbọ́lá mú bírò létí. Ẹ̀yin ìbá rò pé ó máa rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. "Òṣìṣẹ́ ìjọba kò lè gba kòkó ìjọba. Ẹni tó bá jẹ́ àgbẹ̀ inú ìwé yìí kò lè jẹ́ ọ̀gá ọ́fíìsì tó kọ ọ́. Èwo lẹ jẹ́?"

Ó tún wo idẹ náà.

"Àgbẹ̀," ni ó wí.

"Ẹ fọwọ́ síbí pé ẹ fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀. Ẹ fọwọ́ síbí pé ẹ gba kòkó ẹgbàá mẹ́fà. Ẹ fọwọ́ síbí pé gbogbo rẹ̀ yóò wọlẹ̀ kí ọjọ́ mẹ́rìnlá tó pé. Èyí tí a bá bá lórí ilẹ̀ nígbà náà, ẹ óò dáhùn fún un ní kóòtù."

Ó fọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀mẹta, pẹ̀lú ìbùwọ́lù ńlá rẹ̀ tó máa ń yí po bí ìgbín. Jímọ̀ ti la ẹnu láti kígbe "Erin". Ó rántí nǹkan kan, ó pa ẹnu dé, ó sì rọra rìn lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyáàfin Mojíbọ́lá. "Màmá," ni ó wí, "ẹ kò mọ̀ bí bírò ṣe yẹ yín létí tó."

"Ta ló mọ iṣẹ́ ní ọ́fíìsì yín?" ni obìnrin náà bi í.

Jímọ̀ na ìka sí Kúlísúmù kí ó tó mọ ohun tó ń ṣe. Òtítọ́ àkọ́kọ́ tó sọ lọ́dún mẹ́ta nìyẹn, ó sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀ bí eyín.

Àwọn lọ́rì já ẹrù sílẹ̀, wọ́n lọ. Mọ́tò ọ́fíìsì kó Kúlísúmù àti Jímọ̀, ó lọ. Ọ̀gá Àgbà Àwọn Àgbẹ̀ dúró sí àárín pápá nínú agbádá funfun. Ọmọ kòkó yí i ká, ó tó ilé mẹ́rin.

"Àgbẹ̀ ńlá," ni Ìyá Firdaus wí, "oko yín dà?"

Kò ní oko. Kò ní ọkọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi etí àmì ẹ̀yẹ gbẹ́ ihò kan, ó ki ọmọ kòkó kan bọ̀ ọ́. Àwọn àgbẹ̀ jókòó sórí agbọ̀n wọn, wọ́n ń wò ó. Ó gbẹ́ ìkejì. Ó gbin ìkẹta sójú góòlù, ọ̀gá ilé-ìwé sì sáré jáde pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, àwọn ọmọdé ní ìdíje lọ́la." Nígbà tó fi máa gbin ìkẹsàn-án, idẹ náà ti tẹ̀. Ó dìde, ọwọ́ wà níbàdí rẹ̀. Ó ku ẹgbàá mẹ́fà ó dín mẹ́sàn-án.

Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó wo àwọn ènìyàn náà. Kì í ṣe ẹni mẹ́fà. Ọ̀ọ́dúnrún ni wọ́n.

"Ẹ jọ̀wọ́," ni ó wí. Ohùn rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí Ìyá Firdaus fi ní kí ó tún un sọ.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí. Ẹ kó wọn."

"A óò kó wọn, a óò sì gbìn wọ́n kí òjò yìí tó lọ," ni Ìyá Firdaus wí. "Ṣùgbọ́n bí àwọn ará Àkúrẹ́ bá dé, kí wọ́n má sọ pé olè ni wá. Kọ ọ́ sílẹ̀. Ogójì-ogójì lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kọ orúkọ wa, pẹ̀lú ọwọ́ rẹ, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan."

Ọ̀gá ilé-ìwé mú ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ ilé-ìwé kan wá. Ọ̀gbẹ́ni Ọlámúyìwá jókòó sórí ilẹ̀, agbádá rẹ̀ tẹ́ lórí ẹrẹ̀. Wọ́n tò. Ó kọ ti Ìyá Firdaus. Ó kọ ti ẹni tó tẹ̀ lé e. Kò sí ẹni tó kúnlẹ̀, kò sí ẹni tó pariwo. Bí ó bá kọ lẹ́tà kan sódì, ẹni tó ni orúkọ a sọ pé, "Bẹ́ẹ̀ kọ́," ó sì máa ń tún un kọ. Ìka rẹ̀ wú.

Bàbá arúgbó kan láti Ìdógùn dé iwájú rẹ̀, ó ti bọ́ fìlà.

"Orúkọ ìyàwó mi ni kí o kọ."

"Ẹ pè é wá kí ó sọ ọ́ fúnra rẹ̀, bàbá."

"Ó ti kú. Láti ìgbà ọyẹ́. Òun ló ni ilẹ̀ náà. Ó ti gbẹ́ ihò rẹ̀ sílẹ̀."

Ọ̀gbẹ́ni Ọlámúyìwá gbé bírò sókè. Òfin kan wà lórí ọ̀rọ̀ òkú nínú ìwé ìjọba, ó sì mọ̀ ọ́n lórí. Ó la ẹnu láti sọ ọ́. Bàbá náà dúró, kò bẹ̀ ẹ́, kò bínú sí i. Ó kàn ń wo ojú ìwé.

"Kí ni orúkọ wọn?"

"Sìlífátù."

"Ẹ tún un pè fún mi, kí n má baà ṣì í kọ."

Bàbá náà tún un pè, díẹ̀díẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ọlámúyìwá kọ ọ́. Ó yí ìwé náà sí i kí ó lè rí i. Bàbá wò ó pẹ́, ó wá kó ogójì ọmọ kòkó sínú agbọ̀n, ó gbé e rù, ó sì gba ọ̀nà Ìdógùn lọ.

"Má sùn o, àgbẹ̀ ńlá," ni Ìyá Firdaus pè láti ìdí ẹrù. "Ó ku orúkọ igba àti mọ́kàndínlógójì."